Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì l'Àbújá: kí ló wà nínú ilé ìkàwé tí mo sanwó rẹ̀?

Aránṣọ_Kubwa · Sátidé, aago 8 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àkọ́bí mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ yunifásítì kan ní agbègbè Àbújá yìí, Akáńtì ló fẹ́ kà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni sẹ̀mẹ́sítà bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tó ń san owó ilé-ìwé lórí fóònù, mo rí i pé wọ́n to owó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ìdánwò, ti eré ìdárayá, ti ìlera, ti ilé ìkàwé. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìkàwé yẹn. Ó ní, "Màmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, ìwé àtijọ́ ni. Orí fóònù ni gbogbo wa ti ń kàwé."

Inú mi ò dùn sí i. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìkìrun, n ò wọ ilé ìkàwé rí láyé mi. Àmọ́ èèyàn kì í sanwó ọjà tán kó fi ọjà sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé lókè Ọya níbí, kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Kí ni kí n ní kó lọ béèrè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́?

Ọ̀dọ́_400L

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ kú oríire ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kó parí rẹ̀ láyọ̀. Akáńtì lèmi náà ń kà, mo ti wà ní 400 level, ìyẹn ọdún kẹrin, l'Àbújá níbí náà ni. Bí ọmọ yín ṣe sọ ọ́ yẹn lèmi náà ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí mo wọlé. Odindi ọdún kan ni n ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, àfi ọjọ́ kan tí wọ́n kó wa lọ wò ó nítorí GST, kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe.

200 level ló là mí lójú. Olùkọ́ wa kan dárúkọ ìwé kan, ó ní inú rẹ̀ lòun á ti máa fún wa níṣẹ́ ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á, owó oúnjẹ mi fún oṣù kan kò tó o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi títí fóònù mi fi kún. Ẹnì kan tó ti wà níwájú wa ló bi mí pé, "Ṣé o ò mọ Reserve ni?"

Ẹ̀yìn káńtà ni Reserve yìí wà, mà. Ìwé tí olùkọ́ bá sọ pé gbogbo kíláàsì nílò, tí ẹ̀dà rẹ̀ ò sì tó nǹkan, wọn kì í fi í sórí pẹpẹ níta, torí ẹni àkọ́kọ́ tó bá yá a á gbé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyà á sì jẹ àwọn yòókù. Wọ́n á kó o pa mọ́ sẹ́yìn káńtà. Èèyàn á fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀, á kọ orúkọ, á gbà á fún bíi wákàtí méjì, á kà á níbẹ̀, á dá a padà kí ẹlòmíràn gbà. Níbòmíràn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á jẹ́ kéèyàn gbé e lọ sùn, kó sì dá a padà kí kíláàsì àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ka ìwé yẹn tán nìyẹn, n ò rà á.

Kó lọ forúkọ sílẹ̀ kíá. Kó kó rìsíìtì owó ilé-ìwé, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, lẹ́tà ìgbaniwọlé àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì dání, kó ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo rẹ̀. Tó bá di ìgbà tẹ́ẹ̀sì, ìlà àwọn tó fẹ́ gba káàdì á ti dé orí àtẹ̀gùn. Kó sì tètè mọ àwọn ìjókòó tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbi tí mò ń gbé, iná lè má wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣáàjì, abẹ́ fáànù rẹ̀ ni mo ti ń kàwé.

BàbáLugbe

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Èmi ò fara mọ́ ohun tí ọ̀dọ́ yìí sọ. Ọmọkùnrin mi ń parí lọ lórí Akáńtì kan náà. Lọ́jọ́ kan ó mú ìwé kan wálé láti ilé ìkàwé, mo yẹ̀ ẹ́ wò torí iṣẹ́ akáńtì ni mo fi ń jẹun láti ọdún 22 sẹ́yìn. Wọn ò tíì bí ọmọ náà nígbà tí wọ́n tẹ ìwé yẹn. Ohun tó bí mi nínú nìyí: láti ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa ti ń fi IFRS, ìlànà akáńtì ti àgbáyé, ṣe ìwé owó wọn, a ti fi SAS, ìlànà ti Nàìjíríà tí à ń lò tẹ́lẹ̀, sílẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2025 náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tó bá wá ń fi ìwé 1985 kọ́ owó orí, àṣìṣe ló ń há sórí. Ẹ ra dátà fún ọmọ yín, òun ló máa wúlò fún un.

ÌwéDùn_Samaru

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, àmọ́ Samaru ní Zaria ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ forí jì mí tí mo bá sọ ọ́ gùn.

Bàbá Lugbe, òótọ́ lẹ sọ. Ìwé tó ti gbó wà níbẹ̀, ó pọ̀ pàápàá. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ tuntun ni pé kó ṣí ìwé, kó wo ẹ̀yìn ojú ewé tí orúkọ ìwé wà, kó rí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àmọ́ ẹ bá mi wo àwọn PDF tí àwọn ọmọ ń pín kiri lórí WhatsApp: ojú ewé yẹn gan-an ni kì í sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọmọ ò mọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, nígbà míì kò tiẹ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìwé 1985 tó wà lórí pẹpẹ kò fi ọjọ́ orí rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òfin 2025 tí ẹ sì mẹ́nu bà, inú ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ ló dára kéèyàn ti kà á. Ẹ̀ka kan wà nínú ilé ìkàwé tí wọ́n ń pè ní Documents. Ibẹ̀ ni gazette, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, máa ń wà, àti òfin fúnra rẹ̀, àti ìwé ètò ìsúná, àti àbọ̀ ìwádìí ìjọba. Ṣe ni ọmọ Akáńtì tó bá mọ ẹ̀ka yẹn ní 100 level ń kà láti orísun.

Ìwé tuntun náà ń dé. TETFund, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín l'Àbújá, máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ilé ìkàwé àwọn ilé-ìwé gíga ti ìjọba, láti fi ra ìwé àti ẹ̀rọ. Inú páálí ni ìwé wọ̀nyí máa ń wà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa. A ó lu òǹtẹ̀ sí i, a ó fún un ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ló tó lè jáde. Tí sẹ̀mẹ́sítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a sábà máa ń pàtẹ àwọn tuntun nítòsí ẹnu ọ̀nà. Kó dúró wò ó, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ń kọ́kọ́ yá a.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ rírí ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sá. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rí pẹpẹ lọ súà, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á jáde, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà nítòsí káńtà, kátálọ́ọ̀gì ni, àwọn kan ń pè é ní OPAC. Koha ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé wa ń lò fún un, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní New Zealand, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2000. Ọmọ á tẹ orúkọ ìwé tàbí ohun tó ń wá síbẹ̀, nọ́ńbà á jáde, á kọ ọ́ sórí bébà kékeré, á mú un lọ sídìí pẹpẹ. Ti Akáńtì, kó wo HF, láti HF5601 dé HF5689.

Aránṣọ_Kubwa

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ má bínú, kí ni HF yẹn? Ọmọ mi jókòó tì mí báyìí, òun náà ní òun ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ ń kọ ló ń kà.

ÌwéDùn_Samaru

Kò sí ìbínú ńbẹ̀, Màmá. Aránṣọ ni yín. Ẹ ní ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ẹlòmíràn tó bá mọ iṣẹ́ yín, tó ṣí ìwé yẹn, á mọ bí onítọ̀hún ṣe rí láìtíì fojú kàn án. Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà nìyẹn, ìwọ̀n ìwé ni. Ó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ètò Library of Congress ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò, lẹ́tà ni wọ́n sì fi pín ìmọ̀ níbẹ̀. H ni ọ̀rọ̀ àwùjọ àti ọrọ̀ ajé, HF ni òwò, inú òwò ni akáńtì wà. Q ni sáyẹ́ǹsì, QA sì ni ìṣirò. R ni ìṣègùn, RT ti àwọn nọ́ọ̀sì. S ni iṣẹ́ àgbẹ̀. K ni òfin, KTA ni òfin Nàìjíríà. DT515 ni ìtàn Nàìjíríà. Láti PL8000 sókè lẹ ti máa rí èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n tò ó, nítorí náà apá ìparí ni Yorùbá wà, ṣáájú Zulu. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Samaru, mo máa ń mú un lọ síbẹ̀. Mo rántí ọmọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó fa ìwé kan yọ, tó dúró kà á lórí ìdúró títí a fi fẹ́ tilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ọmọ láàmú, kó fi sọ́kàn. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé lẹ́tà, odidi ni: QA9 ṣáájú QA76. Èyí tó bá wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró kì í ṣe odidi, bí ẹ̀sún (decimal) ni wọ́n ń kà á. Nítorí náà .A35 ló ṣáájú .A4. Ọmọ á dé ibi .A4, á máa wá .A35 lọ sápá ọ̀tún, kò ní rí i, á ní wọ́n ti jí i. Apá òsì ló wà, ó ti kọjá rẹ̀. Mo ti fọwọ́ ara mi fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ yọ fún ọmọ tó ti ń wá a láti ọjọ́ mẹ́ta.

Tó bá sì wá a tì, kó má lọ sílé. Kó lọ bá ẹni tó jókòó síbi Reference, níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè. Iṣẹ́ onítọ̀hún ni, owó oṣù ló ń gbà lé e. Ẹ̀rù wa máa ń ba àwọn ọmọ, wọ́n rò pé torí ká lè máa sọ pé "ẹ dákẹ́" la ṣe jókòó síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nídìí tábìlì yẹn, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá bi mí ní nǹkan kan ni kì í tán bọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Minna · Àìkú, aago 6 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Lẹ́nu iṣẹ́ òru ni mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Minna, mo sì ń ka másítà lọ́wọ́. Bàbá Lugbe, ẹ ní kí Màmá ra dátà. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí dátà ò lè ṣí. Mò ń wá àpilẹ̀kọ kan lórí egbò tó máa ń yọ lára ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ àti ìpínrọ̀ kan péré; tí mo bá fẹ́ ka ìyókù, kí n san dọ́là 35. Mo ti fẹ́ jáwọ́. Obìnrin tó wà ní e-library wa ló ní kí n jókòó. Ó fi páásíwọ̀ọ̀dù ilé-ìwé wọ Research4Life, ó tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, àpilẹ̀kọ náà jáde látòkè délẹ̀ pẹ̀lú àwòrán egbò lóríṣiríṣi ìpele. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yí bí a ṣe ń yí aláìsàn mi kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn àjọ àgbáyé àti àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ló jọ gbé Research4Life kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Hinari ni ti ìṣègùn, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2002. AGORA ti iṣẹ́ àgbẹ̀ dé lọ́dún 2003 láti ọ̀dọ̀ FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ti àyíká wà, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà, GOALI ti òfin ló dé kẹ́yìn, ní 2018. Ilé-ìwé ló ń forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹnì kan ò lè dá a ṣe, nítorí náà ọwọ́ ilé ìkàwé ni páásíwọ̀ọ̀dù máa ń wà. Kó béèrè bóyá ilé-ìwé tirẹ̀ ní i, kó sì béèrè bóyá ó ṣeé lò láti ilé. Bí wọn ò bá ní i, kó wo African Journals Online, AJOL, tó ti wà láti 1998. Jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn ìwé ìwádìí tó ń jáde láti ìgbà dé ìgbà, ló kún ibẹ̀, ti Nàìjíríà pọ̀ nínú rẹ̀, púpọ̀ ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

BàbáLugbe

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. N ò gbọ́ nípa ìyẹn rí. Àmọ́ kí ni ọmọ 100 level fẹ́ fi jọ́nà ṣe? ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọmọ tèmi ń lò. Tó bá bi í léèrè, á ṣàlàyé fún un bíi tíṣà ilé. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan, mo sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé.

Ọ̀dọ́_400L

Ẹ kú àárọ̀ sà. Èmi náà ń lò ó tí nǹkan ò bá yé mi, n ò ní sọ pé kò dáa. Orí pírójẹ́ẹ̀tì ló ti já mi kulẹ̀. Mo ní kó fún mi ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá tí mo lè tọ́ka sí lórí owó orí ìpínlẹ̀. Ó to mẹ́wàá sílẹ̀: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún, orúkọ jọ́nà, ojú ewé. Ó dán mọ́rán. Mo kó o lọ bá olùkọ́ tó ń darí pírójẹ́ẹ̀tì mi, ó ní kí n mú mẹ́ta wá kí òun kà.

Mo gba ilé ìkàwé lọ. Bàbá kan tó wà níbi Serials, ibi tí wọ́n ń kó jọ́nà sí, bá mi wá a títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Jọ́nà náà wà lóòótọ́. Ó gbé ìdìpọ̀ ọdún yẹn sílẹ̀ níwájú mi, eruku rẹ̀ ń fò, a ṣí i dé ojú ewé tí ẹ̀rọ yẹn kọ fún mi. Ọ̀rọ̀ báńkì ló wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ló kọ ọ́. A wá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Méjì péré ló wà láyé.

Ara mi gbọ̀n. Bàbá yẹn ò bá mi wí. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti ṣe tán sí, ó ní kí n fa àwọn tó jọ tèmi yọ, kí n ka ẹ̀yìn wọn, kí n wo ìwé tí àwọn náà lò. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé pírójẹ́ẹ̀tì jáde, nítorí náà mo jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mò ń kọ. Mẹ́rìnlá ni mo rí, kò sí ọ̀kan tí n ò fọwọ́ kàn.

BàbáLugbe

Ìyẹn bà mí lẹ́rù o. Ọmọ mi ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti fi ohun tí o kọ yìí ránṣẹ́ sí i, mo ní kó lọ yẹ gbogbo tirẹ̀ wò lọ́la.

Ẹ̀kọ́Òfin_Kano

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan, torí ó dùn mí títí dòní. N ò ní dárúkọ ilé-ìwé tí mo ti kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀ mí ní 300 level pé kí n fi káàdì mi bá òun yá ìwé kan, tirẹ̀ ti kún. Mo ṣe é. Ó gbàgbé ìwé náà sínú ọkọ̀ láàárín Kano sí Kaduna, kò sọ fún mi, èmi náà ò sì rántí mọ́. Ìgbà tí mo parí, tí mò ń ṣe kílíáráǹsì, gbogbo ẹ̀ka ló ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi, ó ku ilé ìkàwé. Wọ́n ṣí ìwé wọn, orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n fi bírò pupa fàlà sí abẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kí n ra irú rẹ̀ padà, kí n sì san owó ìtanràn. Ìwé ọ̀hún ò sí lọ́jà mọ́. Mo wá a dé Ìbàdàn. Nígbà tí mo rí i, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti rìnrìn àjò. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ àgọ́ NYSC, èmi wà nílé, mò ń wo fọ́tò wọn nínú aṣọ káákì. Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa pé kó má fi káàdì rẹ̀ yá ìwé fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ ara wọn tó. Tó bá sì dá ìwé padà, kó dúró níbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n ti fagi lé e lórúkọ rẹ̀.

Ojú_Inú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Fóònù mi ló ń ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, torí ojú mi ò ríran láti kékeré. Mo wà ní 300 level lókè Ọya níbí. Mo fẹ́ fi èyí kún un, bóyá òbí mìíràn tó ní irú ọmọ bíi tèmi ń kà á. Ní January 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹni tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí a lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè.

Nínú ilé ìkàwé tiwa, kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n fi NVDA sí, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà jáde. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi wà ní ilé-ìwé láìmọ̀ pé ó wà, torí n ò béèrè, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kàwé sí mi létí, ìgbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Ọjọ́ tí mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, tí mo tẹ bọ́tìnnì, tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta torí pé mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

ÌwéDùn_Samaru

Ọmọ mi, o káre. Àwọn òṣìṣẹ́ ló yẹ kó wá ọ rí.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Káàdì ilé ìkàwé kan lè ṣí ilé ìkàwé mìíràn. Ní ABU, Ahmadu Bello University tó wà ní Zaria, Kashim Ibrahim Library ni ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Samaru. Sir Kashim Ibrahim tí wọ́n fi sọ orí rẹ̀ ni gómìnà Àríwá láti 1962 sí 1966, ọdún 1962 yẹn náà sì ni yunifásítì ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. President Kennedy Library wà lọ́tọ̀ ní Kongo, ọgbà ABU mìíràn ní Zaria kan náà. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tó wá láti ilé-ìwé mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olórí ilé ìkàwé wọn, wọ́n á sì gbà wọ́n wọlé. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn òkè Ọya, kó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kó lọ sí Kaduna: National Archives wà níbẹ̀, Arewa House tó jẹ́ ibùgbé Sardauna tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n kó tètè béèrè, torí ìparí sẹ̀mẹ́sítà ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí.

Aránṣọ_Kubwa · Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, mo tẹ̀ lé ọmọ mi lọ. Ó kọ́kọ́ ń tijú pé ìyá òun ń tẹ̀ lé òun kiri. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé yẹn, tó rí bó ṣe tóbi tó, ó di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ká fi báàgì sílẹ̀, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà tí wọ́n gé lára páálí, 47. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò. Kò sí ìlà rárá, àwọn mẹ́rin péré ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n gba fọ́tò àti rìsíìtì, wọ́n ní kó wá gba káàdì lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ó kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ torí a ò mú bébà dání. Mo tẹ̀ lé e dé pẹpẹ HF. Ìka ló fi ń tọ ẹ̀yìn ìwé. Ó kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó dúró díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sápá òsì, ó fa ìwé náà yọ. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní, "Màmi, 2019 ni. IFRS wà nínú rẹ̀. Ó ku ti owó orí, màá béèrè gazette." Bàbá Lugbe, mo ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí mi níbi tí mo dúró sí, ó bi mí lédè Haúsá pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní telá ni mí. Ó ní kí n máa bọ̀. Ó mú mi lọ sí apá kan tí wọ́n kọ TT sí, ó ní láti TT500 sókè, iṣẹ́ aṣọ rírán ni. Ẹ̀yin ará mi, n ò mọ̀ pé wọ́n ń kọ ìwé nípa iṣẹ́ mi. Mo ṣí ọ̀kan. Àwòrán apá aṣọ ló wà níbẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà sí gbogbo ibi tí èmi ń fojú díwọ̀n láti ọdún 19 sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà mi kan máa ń sọ pé tí àwọn bá gbọ́wọ́ sókè, aṣọ á máa fà wọ́n lábíyá. Mo máa ń tú abíyá náà, mo máa ń fi aṣọ lé e. Ọmọ mi rọra ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Yorùbá: orí apá tí mo ń gé ló ga jù. Tí wọ́n bá rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ á ráyè gòkè.

Ó ní tí òun bá gba káàdì, òun á fi yá a fún mi. Mo ní rárá, mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ẹ̀kọ́Òfin_Kano. Obìnrin yẹn fún mi ní bébà kan àti pẹ́ńsù, mo jókòó, mo ya àwòrán náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa ń ṣí ní Sátidé títí di aago méjì ọ̀sán. Mo ti pe oníbàárà mi méjì, mo ní aṣọ wọn di ọjọ́ Ajé.